Kí Wọ́n Tó Pààrọ̀ Oríkèé Ìbàdí, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wo Ọkàn

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa. A gbé e síbí fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì tàbí níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn kí ẹ sì kọjá lọ, ẹ kà á tán.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín, àwọn kan tilẹ̀ ti kọ ọ́ sórí gúrúùpù láìfi bò. Wọ́n ní: "A dá owó fún iṣẹ́ abẹ Ìyá Àgbà, wọ́n ti dá ọjọ́, kí ló dé tí ẹ jókòó lé owó wa fún bí oṣù mẹ́ta? Kí ló sì dé tí ẹ tún padà wá ń bèèrè owó àyẹ̀wò?" Ẹnì kan ní kí á dá tòun padà. Mi ò bínú. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ìdáhùn ni mo mú wá, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ tán.

Mi ò kì í ṣe dókítà o. Statistics ni mo ń kà ní yunifásítì. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló bá mi yẹ ohun tí mo kọ yìí wò kí n tó dìde dúró níwájú yín, ó sì ní kí n pa ibi méjì rẹ́. Mo ti pa á rẹ́.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí màmá mi. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà wa mọ̀ wọ́n nídìí èlùbọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí ìbàdí wọn ọ̀tún ti ń dùn wọ́n. A kọ́kọ́ ní ọjọ́ orí ni. A ní òtútù ni. A fi òrí pa á, a mu àgbo, a gbàdúrà. Nígbà tó yá, oògùn ara ríro ló kù: diclofenac láàárọ̀, diclofenac lálẹ́, nígbà mìíràn lọ́sàn-án náà bí ọjà bá kún. Ìyá tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ọjà wá di ẹni tí ọ̀kadà ń gbé dé ẹnu ìsọ̀. Kí wọ́n tó dìde lórí àpótí, ẹ ó gbọ́ "yéè" bí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Wọ́n ya fọ́tò eegun náà, wọ́n rí i pé oríkèé ti jẹ tán. Orí eegun itan wa rí roboto, inú kòtò kan lára eegun ìbàdí ló sì ti ń yí, bí ọmọ odó nínú odó. Ohun yíyọ̀ kan wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Bí nǹkan yẹn bá jẹ tán, eegun á máa lọ eegun. Iṣẹ́ abẹ yìí ni pé kí wọ́n gé orí eegun tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ abọ́ kékeré tuntun sínú kòtò náà. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Charnley ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní ilé ìwòsàn Wrightington, ní ọdún 1962. Irú símẹ́ńtì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò ló fi lẹ irin mọ́ eegun. Lónìí wọ́n ń ṣe é ní Ìgbóbì l'Ékòó, wọ́n ń ṣe é ní UCH n'Íbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà nìyí. Nínú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan bó ṣe yẹ, eegun náà á kú, á wó. Ọmọ ọdún 24 kan wà ní kíláàsì mi tó ń fi ọ̀pá rìn nítorí rẹ̀. Ọkàn àwọn tó ní SS náà sì ti ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti kékeré nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pọ̀ tó, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kàn wọ́n gidi.

Ẹ gbà mí láyè kí n ka iye díẹ̀, ohun tí mo lọ ilé ìwé fún nìyẹn. Ní England àti Wales, wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń kọ oríkèé tí wọ́n bá pààrọ̀ sí láti ọdún 2003. Àwọn onímọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 2013. Iṣẹ́ abẹ ìbàdí 409,096 ni wọ́n kà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti oríkèé tó jẹ, tí wọ́n dá ọjọ́ fún. Àwọn tó kú kí 90 ọjọ́ tó pé jẹ́ 1,743. Ní ọdún 2003, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni 6 nínú 1,000. Nígbà tó fi máa di 2011, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ẹni 3.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Nínú 1,000, 997 ló wà láàyè. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹni tó lọ pààrọ̀ ìbàdí ti lọ fi ẹ̀mí tọrẹ, irọ́ ló ń pa. Òótọ́ ni pé iye ti òyìnbó nìyẹn, ilé ìwòsàn wọn àti tiwa kì í ṣe ọgbọọgba, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí pé bákan náà ló rí níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni àwọn mẹ́ta yẹn. Ta ni wọ́n? Irú irin tí wọ́n fi sí wọn lára kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n wò ó, irin ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí aláìsàn gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni: ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dín kù, ọkàn tó ti ní ìkọlù rí, kíndìnrín tó ti ń ṣòjòjò, ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́. Ìbàdí la tìtorí rẹ̀ lọ, ọkàn ló wà nínú ewu.

Ní Denmark náà, wọ́n tọpa àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ìbàdí tàbí orúnkún wọn láti 1998 sí 2007, wọ́n lé ní 95,000. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ewu ìkọlù ọkàn, èyí tí a ń pè ní háàtì àtáàkì, jẹ́ ìlọ́po 25 fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ìbàdí fún. Ẹ má tíì sá o! Ìlọ́po 25 ohun tó kéré gan-an ṣì kéré: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan bí ẹni 5 nínú 1,000 ló ṣẹlẹ̀ sí. Àmọ́ ó jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká tẹjú mọ́, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pàápàá fún àwọn tó ti dàgbà gan-an.

Kí ló fà á? Eré ìje ni iṣẹ́ abẹ jẹ́ fún ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣòfò, ìrora ń mú kí ọkàn sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè sódò nítorí abẹ́rẹ́ oorun tàbí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì máa fẹ́ dì nítorí pé ara rò pé ọgbẹ́ ńlá ló dé. Ọkàn tó le á sá eré yẹn dé òpin. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò ní lè sá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ̀yin ará ilé mi. Báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe máa ń mọ̀ pé ọkàn òun ti ń rẹ̀? Á gun òkè, èémí á tán. Á yára rìn, àyà á fún un. Ẹni tí ìbàdí ń dùn kì í gun òkè, kì í yára rìn. Nítorí náà kò ní mọ̀. Ìbàdí tó ń dunni a máa bo àìsàn ọkàn mọ́lẹ̀, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ bo kòtò.

Dókítà bi Ìyá Àgbà pé, "Màmá, ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì láìdúró mí?" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Dókítà, ìbàdí ò jẹ́ kí n gun ẹyọ kan." Dókítà ní, "Ṣé èémí yín máa ń tán?" Wọ́n ní rárá. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Wọn ò rìn dé ibi tí èémí á ti tán.

Nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló wá bèèrè ohun tí èmi ò rò pé ó já mọ́ nǹkan kan: "Ìrọ̀rí mélòó ni màmá fi ń sùn?" Màmá mi ní mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ mẹ́ta, àwọn sì rò pé àṣà àgbà ni. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, ṣé ó máa ń wú? Ó máa ń wú, àmọ́ gbogbo wa ti gbà pé ìjókòó ọjà ló fà á. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wo ojú ara wọn. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja tí èémí ò tó o, tó fi di pé ó ń fi ìrọ̀rí gbé àyà sókè, ọkàn rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó jẹ́ 192/114. Wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìsinmi, kò wálẹ̀ lọ títí. Ìlànà kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2016 sọ pé bí ó bá ti wọ 180/110 lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ bí iṣẹ́ abẹ náà kì í bá ṣe pàjáwìrì. Wọ́n ṣe ECG, wọ́n tún ṣe sìkáànù ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò. Ó dà bí èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, àyà ni wọ́n kàn ń fi ẹ̀rọ náà yí. Ọkàn náà ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́. Diclofenac tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ láti ọdún yìí wá sì ń dá kún un: irú oògùn yẹn a máa mú kí ara dá omi dúró, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, a máa ba kíndìnrín jẹ́, ewu ìkọlù ọkàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á fún màmá yín ní kẹ́míìsì láìrí dókítà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́.

Dókítà tó ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oorun ló sọ ọ́ tán. Ó ní: "Ìbàdí yìí ti ń dun màmá láti ọdún mẹ́fà. Kò ní pa wọ́n láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé ọkàn yìí wọlé bó ṣe wà, ó lè pa wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n fagi lé ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà sì rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí gúrúùpù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin rí ilé ìwòsàn mìíràn, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ làwọn máa ṣe é, owó wọn sì kéré sí tibi àkọ́kọ́. Wọn ò bèèrè nǹkan kan nípa ọkàn. Ilé wa pín sí méjì. Àwọn kan ní àwọn dókítà àkọ́kọ́ kàn ń wá owó àyẹ̀wò ni. Àwọn kan ní tí a bá dá owó ẹgbẹ́ dúró, ojú á tì wá. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, mo dákẹ́ títí.

Ohun tó jẹ́ kí n lanu ni bàbá kan ládùúgbò tí à ń gbé. Wọ́n lọ pààrọ̀ ìbàdí, wọ́n padà sílé lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo wa lọ kí wọn, a jẹ, a mu. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n ní ó rẹ àwọn, wọ́n ń làágùn, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ òkú wò, nítorí náà èmi ò lè sọ pé ọkàn ni tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ní ìyàwó kékeré ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n kó ẹrù obìnrin náà síta pẹ̀lú ọmọ méjì. Títí di òní, àwọn ọmọ yẹn ò wọ ilé bàbá wọn. Mo bèèrè lọ́wọ́ àkọ́bí bàbá náà, mo ní ṣé wọ́n wo ọkàn wọn kí wọ́n tó wọlé? Ó ní ìbàdí ló ń dùn wọ́n, kí ni tọkàn jẹ́ níbẹ̀?

Mo sọ èyí níwájú gbogbo ilé. Ilé dákẹ́. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ọkàn mi ṣe ná. Ẹsẹ̀ tó bá gún régé nínú pósí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Àwọn kan bèèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé wọn ò lè fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ lọ? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 2008, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan tó ń jẹ́ POISE jáde. Àwọn tó lé ní 8,000 ni wọ́n kó jọ ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Wọ́n fún àwọn kan ní metoprolol, oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù, ní wákàtí díẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkọlù ọkàn dín kù lóòótọ́, àmọ́ rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i, àwọn tó kú náà sì pọ̀ sí i. Ọkàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú tún ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ abẹ kù sí dẹ̀dẹ̀. Oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn ńkọ́? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà, òun ló máa sọ èyí tí ẹ máa lò àti ọjọ́ tí ẹ máa dá èyí tó kù dúró. Ẹ gbé ìgò àgbo náà dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí dókítà ò mọ̀ pé ó wà nínú ara ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìkọlù ọkàn rí, wọ́n máa ń ní kó dúró, ó kéré tán, 60 ọjọ́ kó tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú yìí.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi tọ́jú Ìyá Àgbà. Ibi tí owó wà nìyẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Oògùn mẹ́ta láàárọ̀. Diclofenac dópin, parasítámọ́ọ̀lù ló rọ́pò rẹ̀. Iyọ̀ dín kù nínú ọbẹ̀, Maggi dín kù, wọ́n sì bínú sí wa fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní à ń fún àwọn ní omi gbígbóná mu. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò pọ̀ tó, wọ́n lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn fọn. Ìrọ̀rí mẹ́ta di ẹyọ kan. Nígbà tí a padà dé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ sí 138/84.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ o, ẹ dárí jì mí bí mo bá ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ààwẹ̀ gbígbẹ. Ìyá Àgbà fẹ́ gba ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu kí iṣẹ́ abẹ tó tó. Mo mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta ń gbé ara gbígbẹ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kíndìnrín àti ọkàn ló sì máa san gbèsè rẹ̀. Ilé ìwòsàn fúnra wọn á sọ ìgbà tí oúnjẹ máa dúró, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́fà, omi lásán sì lè tó wákàtí méjì sí i. Àwa ọmọ ilé la pín ààwẹ̀ náà láàárín ara wa, a gbà á fún wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n lò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn físíò ti gbé wọn dìde. Màmá mi fẹ́ bá wọn jà, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá mi sinmi!" Ẹ̀yin ìyá, ìsinmi yẹn léwu. Ẹni tó bá sùn gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè já, kó gun ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé wọn dìde nìyẹn, ìdí tí wọ́n sì fi ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ máa lo oògùn náà nílé, ẹ rà á pé. Ọ̀pọ̀ ló ń dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá kúrò ní ọsibítù torí pé ẹsẹ̀ ti gbé.

Lóru ọjọ́ kejì, èmi ni mo wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nǹkan bí aago mẹ́ta, Ìyá Àgbà ní kí n bá àwọn ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìrọ̀rí kan sí i. Ó ta mí lójijì: ìrọ̀rí! Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé àyà ń dùn yín?" Wọ́n ní rárá, ó kàn rẹ àwọn ni. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì. Ọkàn wọn ń sáré, omi ti ń gun ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí pé èsì ẹ́kò wà nínú fáìlì, dókítà tí wọ́n jí lójú oorun ò ní láti máa méfò. Wọ́n mọ̀ pé ọkàn yìí kò fẹ́ omi púpọ̀, wọ́n dá omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára dúró, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti ń béèrè ẹ̀kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ: àyà ò dùn wọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn ìrora lè bo ìrora àyà mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkọlù ọkàn ìgbà yẹn ni kì í sì bá ìrora wá rárá. Ohun tí ẹ máa rí ni èémí tí kò tó, òógùn tútù, àárẹ̀ òjijì, ọkàn tó ń sáré, tàbí kí àgbàlagbà kan ṣàdédé máa sọ̀rọ̀ tí kò já síra. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde pẹ̀lú ikọ́, ẹ má pe gúrúùpù, ẹ má pe wòlíì kọ́kọ́. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù, kódà bó jẹ́ aago mẹ́ta òru.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Houston, ẹ ṣeun tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́. Àmọ́ ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wa ni "ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣe é?" Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ máa jẹ́ "ṣé wọ́n ti wo ọkàn wọn?"

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ rèé. Nígbà tí a bá ń dá owó fún iṣẹ́ abẹ ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ọdún 50, tàbí tó ní SS, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kí owó àyẹ̀wò ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé a óò tún padà wá bẹ̀bẹ̀. Bí dókítà bá sì ní kí á dúró, kí akápò fi owó náà pa mọ́ ní orúkọ aláìsàn, kí ẹnikẹ́ni má ní kí á dá a padà. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ra ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. A ó gbé wọn jáde lọ́jọ́ àjọ̀dún ìlú, lábẹ́ àgọ́ wa, ọ̀fẹ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí iṣẹ́ abẹ Ìyá Àgbà, ilé ìwòsàn ní kí a mú ẹni méjì wá tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo pe ẹni mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án ní àwọn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Mo ti ṣí ìwé kan sórí gúrúùpù ọ̀dọ́ báyìí: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, ìlú tí ẹ wà. Orúkọ mi ló wà lókè, O+ ni mí, Ìbàdàn ni mo wà. Ìlà kejì ṣófo.